Ìtàn Ìràwọ̀ Etí Odò, bí Mo Ṣe Gbọ́ Ọ ní Houston

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé "Amẹ́ríkà ńkọ́?", ẹ wá ìjókòó, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnu mi sinmi. Mi ò ní sọ nípa ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ohun kan ṣoṣo tí mo rí nínú rẹ̀ ni ìpàkọ́ ẹni tó jókòó níwájú mi. Mi ò sì ní sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó pe ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, rẹfirí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò jókòó wo bọ́ọ̀lù; mo máa ń sáré tẹ̀lé e ni. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá gbé lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń fi mọ́tò lọ ra búrẹ́dì ní òdìkejì ọ̀nà. Bí ẹ bá rí i pé mò ń kánjú nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú. Bí ara mi ṣe rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́hùn-ún.

Ìdí tí mo fi lọ rèé. Ẹ̀gbọ́n mi, Wándé, lọ sí Brazil nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí gan-an ti dàgbà ju iye ọdún tó lò láyé lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó". Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló gbé e lọ. Ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri rí i ní pápá Ìlaró níbí, ó sì mú un lọ sí ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Estrela do Córrego, ìyẹn Ìràwọ̀ Etí Odò. Ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ní Brazil fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá gbé lágbègbè yẹn kò gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ dífíṣọ̀n ìsàlẹ̀ ni. Wándé fi jẹsí kan ránṣẹ́ sílé, aláwọ̀ ewé, tó ní àmì ìràwọ̀ lórí omi láyà. Lẹ́yìn ìyẹn, atukọ̀ kan tó ti ọ̀hún bọ̀ mú ìròyìn wá pé ibà ti pa á. Kò sí ohun mìíràn tó mọ̀. Kò mọ ilé tó kú sí, kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé òbí kì í béèrè sàréè ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Màmá mi kò béèrè rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kú ládùúgbò, tí èrò sì pọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n á padà sílé, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á ní: "Gbádé, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn láti ìgbà náà ni pé wọ́n sin ọmọ wọn bí òkú tí kò lẹ́ni. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ojú wọn ń dín kù, ẹsẹ̀ wọn ń dín kù, ìbéèrè yẹn nìkan ni kò dín kù.

Fọlákẹ́, ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ló pè mí lọ́jọ́ kan pé òun rí àmì ìràwọ̀ orí omi yẹn lára báàgì obìnrin kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. Kékeré ló ti ń rí i lára jẹsí tó so rọ̀ ní yàrá ìyá mi. Ó bi obìnrin náà, ìyẹn sì ní bàbá òun ló gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà èwe wọn. Ọ̀dọ̀ òun ni bàbá náà ń gbé, ní Cinco Ranch.

Mo sọ fún gbogbo yín pé ọmọ-ọmọ ni mo fẹ́ lọ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹnìkan á ti lọ sọ fún màmá, wọ́n á sì máa retí.

*

MISSOURI CITY

Ooru tó pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú kò ṣàjèjì sí mi. Ooru Ìlaró lẹ́yìn òjò ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i. Inú ilé ló ṣàjèjì. Fọlákẹ́ ṣílẹ̀kùn, ọyẹ́ sì tú jáde sí mi láti inú pálọ̀. Àwọn èèyàn yìí ń sanwó kí ọyẹ́ lè bá wọn gbé. Súwẹ́tà ni mo fi ń jẹun nínú ilé, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jáde.

Àwọn ará ibẹ̀ níwà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí á rẹ́rìn-ín sí ọ, á bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni pé kò ní dúró gbọ́ èsì. Ọkùnrin kan tó ń fa ajá bi mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ara le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Kí n tó dé orí orúnkún náà, òun àti ajá rẹ̀ ti yà ní kọ́nà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Fọlákẹ́ àti ọkọ rẹ̀ á ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọbẹ̀ inú fíríìsà á ti di òkúta tí yóò máa yọ́ títí ọ̀sán. Mo rìn yí àdúgbò ká, mi ò pàdé ẹsẹ̀ kankan. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó bi mí pé ṣé mo sọnù ni. Mo ní rárá, mò ń rìn ni. Ó ní mò ń rìn lọ síbo? Mo ní kò síbi kankan. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó fún mi ní omi tútù, ó sì rọra ń wa mọ́tò tẹ̀lé mi títí tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Fọlákẹ́ ti gbọ́ kó tó dé.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sir. People are calling me. Wọ́n ní bàbá kan ń rìn kiri nínú subdivision."

"Ṣé ìrìn ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Dádì. Nobody walks here, that's all. Tí ẹ bá fẹ́ rìn, ẹ jẹ́ kí n máa gbé yín lọ sí mall."

"Kí o fi mọ́tò gbé mi lọ síbi tí mo ti máa fẹsẹ̀ rìn?"

"Ehn now. Gbogbo àwọn dádì tó wá láti Nigeria, that's what they do. Wọ́n máa ń rìn yí ká, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ice cream."

Mo sọ fún un pé ìwọ ọmọ yìí, yálà kí o gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá oníbọ́ọ̀lù yẹn, tàbí kí n fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó mọ̀ pé mi ò ṣeré.

*

CINCO RANCH

Ojú ọ̀nà freeway yẹn gbòòrò débi pé èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lọ́nà márùn-ún láì kọlu ara wọn. A wa mọ́tò títí, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jọra wọn, mo sì bi Fọlákẹ́ bóyá a ti padà sí ibi tí a ti kúrò. Adágún omi kan wà níwájú àdúgbò náà tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, wọ́n kó pẹ́pẹ́yẹ sí i, ẹnìkan kò sì pa wọ́n jẹ.

Luciana, obìnrin tó ń bá Fọlákẹ́ ṣiṣẹ́, dì mọ́ mi bí ẹni pé a ti mọ ara wa tipẹ́. Bàbá rẹ̀ jókòó sínú àga ní ẹ̀yìnkùlé. Anselmo ni orúkọ wọn: èèyàn kúkurú, irun funfun, ẹsẹ̀ tó tẹ̀ síta bí ti ẹni tó ti gbá ẹ̀gbẹ́ òsì rí. Wọn kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wò, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, omi sì ń jáde lójú wọn. "Àbúrò Wándé," wọ́n ní, wọ́n sì pe orúkọ náà dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ẹni àkọ́kọ́ tó wò mí tí mo mọ̀ pé èmi ló ń wò nìyẹn.

Wọ́n ní ká kọ́kọ́ jẹun. Ẹ̀wà dúdú ni, ẹran oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Luciana wá gbé nǹkan gbígbẹ kan kalẹ̀, ó ní kí n bù ú lé e lórí. Mo tọ́ ọ wò. Gaàrí ni! Wọ́n din ín pẹ̀lú bọ́tà àti àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n gaàrí ni, kò sí ẹni tó lè tàn mí jẹ lórí ìyẹn. Mo sọ fún Luciana pé omi tútù àti ẹ̀pà ni àwa fi ń mu ún nílé. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní iyanrìn ni mò ń mu. Mo bù lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tún bù.

Nígbà tí wọ́n kó àwo kúrò, mo ní: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni Wándé ṣe kú?"

Bàbá ń sọ Portuguese, Luciana ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ yìí, èmi ni mo yí i. Bàbá ní: "Màá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n inú ìtàn ẹgbẹ́ ló wà. Ẹni tó ń ṣe gàárì ẹṣin ló rán bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́."

Mo rò pé wọn kò gbọ́ mi. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa.

*

BỌ́Ọ̀LÙ ÀKỌ́KỌ́

Mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ fún yín nínú ìtàn náà, nítorí ó dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà ló dá Ìràwọ̀ sílẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ àwọn olóko ìrèké tó wà nílùú kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ẹnu géètì. Etí odò tí màlúù ti ń jẹko ni wọ́n sọ di pápá. Bọ́ọ̀lù tí oníṣẹ́ gàárì rán yẹn wúwo débi pé ẹni tó bá forí gbá a á jókòó díẹ̀ kó tó rántí orúkọ ìyá rẹ̀. Àpò ṣúgà ni wọ́n fi rán jẹsí, wọ́n sì rẹ ẹ́ láwọ̀ ewé. Bí òjò bá rọ̀, àwọ̀ náà á ṣàn, ẹni tó bá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ òjò á sì di aláwọ̀ ewé kó tó délé.

Gólì wọn àkọ́kọ́, oníbúrẹ́dì ni. Ó máa ń ti ẹnu iṣẹ́ wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi fi òfin dè é pé kó máa fọwọ́ kó tó wọ pápá. Ọdún kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kò pé, tí awakọ̀ tó gbé wọn lọ bọ́ bàtà, tó wọlé, tó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbà kí wọ́n pe òun ní awakọ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí Luciana kò bá lọ síbi iṣẹ́, ni mo ń lọ síbẹ̀. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n á sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á rẹ̀, oorun á gbé wọn lọ nínú àga. Ìtàn náà ń lọ bí ìgbín. Mo wà níbẹ̀ mò ń ka ọdún: wọn kò tíì bí Wándé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ó ti ń fi ọsàn gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlaró. Ìjókòó kò gbà mí. Mo máa ń dìde, mo máa ń yí àga wọn ká bí ẹni tó ń wá ẹni tó gbá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fèrè wà lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá ti fọn ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Wọ́n ti dé ibi tí ẹgbẹ́ gòkè sí dífíṣọ̀n kejì ìpínlẹ̀ wọn, tí àlùfáà sún ìsìn síwájú kí ìjọ lè lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ìgbà Wándé kò jìnnà mọ́. Mo já lu ọ̀rọ̀ wọn: "Bàbá, ẹ dákun, Wándé ńkọ́?"

Luciana fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mú ojú kúrò lára mi. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ń wá nǹkan tí wọn kò rí. Wọ́n wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Ẹni tó ń ṣe gàárì ẹṣin ló rán bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́."

Luciana fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bí wọ́n ṣe há a sórí nìyẹn, ẹnu bàbá tiwọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi tiwọn kún un. Bí èèyàn bá já a, wọ́n á padà síbẹ̀rẹ̀. "Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn," ó ní, "mi ò tíì gbọ́ òpin rẹ̀ rí. Èmi náà máa ń já lu wọ́n."

Nígbà tí mo sọ fún Fọlákẹ́ nínú mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tó yẹ kó yà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tí mo máa padà sílé ti ń sún mọ́, oníṣẹ́ gàárì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán bọ́ọ̀lù lákọ̀tun.

*

ỌJỌ́ ÌSINMI

Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn kí n tó padà, Luciana pè wá pé Ìràwọ̀ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n kúrò ní dífíṣọ̀n ìsàlẹ̀ tí wọ́n wà, kò sì sí ìkankan mọ́ lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ó ní bàbá ní kí n wá.

Fọlákẹ́ ní: "Sunday morning, Dádì? Èmi ni usher today o. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Pastor?"

"Sọ fún un pé o gbé bàbá rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà."

"Dádì!"

Ó gbé mi lọ, pẹ̀lú aṣọ usher lọ́rùn rẹ̀.

Luciana ti so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ẹnìkan ló ń fi fóònù ya bọ́ọ̀lù náà láti ibi ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Pápá àyálò ni. Pápá àtijọ́ etí odò, ààrẹ ẹgbẹ́ kan ti tà á, ilé ìtajà ńlá ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Luciana ní ojú ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹnáritì ni wọ́n ti ń ta ẹja. Wọ́n gbé búrẹ́dì kéékèèké oníwàràkàṣì wá fún wa, ó ń gbóná, mo gbé àwo tèmi lé itan. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, mo máa jókòó níwájú màmá mi, ohun tí mo ní láti sọ fún wọn kò sì ju ìtàn oníbúrẹ́dì tó ń ṣọ́ gólì.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde. Àwọn aláwọ̀ ewé kò lọ sí àárín pápá. Wọ́n rìn lọ sí igun kan, níbi tí bàbá arúgbó kan dúró sí pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti korobá ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà. Wọ́n tò sílà níwájú rẹ̀. Gbogbo wọn sì dọ̀bálẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Kì í ṣe pé wọ́n tẹ orí ba, kì í ṣe eré ìdárayá. Wọ́n fi àyà lélẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wọ́n sì dúró sílẹ̀ títí bàbá náà fi fọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde. Bí ọmọ Ìlaró ṣe ń kí bàbá rẹ̀ gan-an ni.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Àwo búrẹ́dì ti wà nílẹ̀. Fọlákẹ́ ń pariwo, "Dádì, did you see that? Dádì, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní: "Ta ló kọ́ wọn?"

Bàbá Anselmo wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo èmi. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń gbìyànjú láti padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ gàárì. Mo wólẹ̀ síwájú àga wọn, mo di orúnkún wọn méjèèjì mú. Mo ní, "Bàbá, ẹ má padà. Ẹ fò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fò ó." Luciana pa ohùn tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí bàbá máa sọ ọ́, ó wá díẹ̀díẹ̀, kò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní ọjọ́ tí Wándé dé, ààrẹ ẹgbẹ́ wọ kóòtù, ó na ọwọ́ sí i, ayàwòrán dúró tì í, àwọn afunfèrè ìlú ń fun fèrè. Wándé wò yíká. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Tião, tó ń tọ́jú pápá nígbà náà, wà ní ìkángun rẹ̀, wọ́n ń fa ìlà ẹfun. Àwọn ló ń gé koríko, àwọn ló sì dàgbà jù níbẹ̀. Wándé kọjá lára ọwọ́ ààrẹ, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Tião lórí ẹfun tútù. Nígbà tó dìde, ìlà funfun wà lára rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ààrẹ fi í jókòó síta fún ìgbà pípẹ́ nítorí ìyẹn.

"A bi í pé kí ló dé," bàbá Anselmo ní. "Ó ní, 'Àwọn ló dàgbà jù. Ta ni kí n kọ́kọ́ kí?' Tião náà bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ẹni nílé àwọn nìyẹn."

Bàbá Tião kò bímọ. Ìyàwó wọn ti kú. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ: ọmọkùnrin yìí ti rin ìrìn-àjò wá láti Áfíríkà, ó wo gbogbo ìlú, àwọn ló sì mú ní bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn wá sí ilé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbé, wọ́n gbé àpótí Wándé lé e. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní sùn sílé àlejò.

"Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ló yé Wándé pé àṣìṣe ni," bàbá Anselmo ní. "Ó sọ fún mi. Ó ní, 'Mo kí wọn lásán ni o, wọ́n sì ti di bàbá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde níbẹ̀?' Kò sọ fún Tião rí."

Odò kún lọ́dún kan, ó gbé ibi ìjókòó pápá lọ. Ibà tẹ̀lé omi náà. Bàbá Tião gbé Wándé pọ̀n lọ sí ibi ìtọ́jú, omi dé wọn láyà, wọ́n sì gbé e padà wálé nígbà tí oògùn kò ràn án. Orí itan wọn ló kú sí. Ìjọba ìlú fẹ́ sin ín síbi tí wọ́n ń sin àwọn àlejò. Bàbá Tião ní ọmọ àwọn ní ààyè. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó wọn, níbi tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ara wọn. Ilé iṣẹ́ ṣúgà dá iṣẹ́ dúró, gbogbo ìlú sì tẹ̀lé òkú náà.

"Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé ìsìnkú," bàbá Anselmo ní, "Tião wá fa ìlà bí ìṣe wọn. Wọ́n parí, wọ́n kàn dúró síbẹ̀. Ọmọ wọn ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo dùbúlẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo gbójú sókè, mo rí i pé gbogbo àwọn tó kù ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń fa ìlà fún ẹgbẹ́, wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnìkan kò kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní bàbá Tião kò mọ̀wé, ààrẹ ẹgbẹ́ ló ní òun máa kọ ọ́. Inú bí mi sí ààrẹ yẹn débi pé bí mo bá rí i, mi ò ní wo ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún. Mi ò tijú rẹ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ Cinco Ranch, mo sunkún fún ẹ̀gbọ́n mi bí mi ò ṣe sunkún fún un rí, Fọlákẹ́ sì jókòó tì mí pẹ̀lú aṣọ usher rẹ̀.

Nígbà tí a máa wo tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù ti parí. Wọ́n ti pàdánù. Luciana fọwọ́ bojú. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n ní, "A ti ṣubú rí." Wọ́n wá kọjú sí mi, ó dà bíi pé ó rẹ̀ wọ́n: "O mú mi fò. Mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

*

FÓÒNÙ

Fọlákẹ́ ní ká délé ná. Mo ní kó pe Ìlaró níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀sán ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ nílé. Àbíkẹ́, àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú màmá, ló gbé e. Ó ní wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti jẹun, wọ́n jókòó sórí àga wọn. Mo ní kó fi fóònù sí wọn létí, kó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí wọ́n sin ín sí, mo fo ìyẹn. Mo sọ ti ẹfun, mo sọ ti kẹ̀kẹ́, mo sọ ti omi tó dé bàbá náà láyà. Wọn kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n wá ní: "Gbádé. Bàbá yẹn, ṣé ó jù mí lọ?"

"Wọ́n jù yín lọ dáadáa, Màmá. Wọ́n ti kú tipẹ́."

"Ó dáa."

Mo gbọ́ ariwo àga. Mo gbọ́ Àbíkẹ́ tó ń kígbe: "Màmá! Màmá, kí lẹ ń ṣe? Bọ̀dá mi, Màmá ti kúnlẹ̀ o! Orí símẹ́ńtì lásán! Màmá, orúnkún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dìde!"

Ohùn màmá wá láti ìsàlẹ̀, ó jìnnà sí fóònù, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere.

"Fi mí sílẹ̀, Àbíkẹ́. Mi ò tíì dúpẹ́ tán."